Èmi ni mo mọ ìdí tí nọ́ńbà náà fi dúró sórí òdo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà ẹ lè wá bú mi bó bá ṣe wù yín. Ó ń lọ sí ọdún méjì báyìí tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, tí mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyàwó mi kò gbọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n pe obìnrin kan ní òpùrọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ wa, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé obìnrin náà pè mí ní ọjọ́ Monday. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn. Títí di Friday ni àyè tí ó ní.

Conyers, ní òkè òkun níbí, ni mò ń gbé. Ọ́fíìsì warehouse kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń ṣètò àkọsílẹ̀ ẹrù wọn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, irun ti ń tán lórí mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ asaláátù wa, Uncle Kọ̀m̀pútà ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ yẹn ló kó bá mi. Ẹni tí wọ́n bá ti ń pè bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún un láti sọ pé nǹkan kan kò yé òun.

Ẹgbẹ́ wa ní àwọn àgbàlagbà bí ogójì tí wọn kì í wakọ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ náà sì ti máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láti ìdájí. Nítorí náà, àwa tí a ní mọ́tò ń pín ara wa láti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Inú ìwé jákujàku kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Mo ṣe spreadsheet kan, ìwé onílà tó pín sí àpótí-àpótí, fún wọn lórí kọ̀m̀pútà, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí tirẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹni tí yóò gbé e bá ti wà, a ó kun àpótí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bí awakọ̀ bá yẹ àdéhùn, a ó kùn ún ní pupa. Mo wá kọ macro kan sínú rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀m̀pútà á máa tẹ̀ lé fúnra rẹ̀, kí ó máa ka iye àpótí tó pupa, kí ó sì gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè gàdàgbà.

Ọjọ́ tí mo fi hàn wọ́n, mo fọ́nnu. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má da ojú yín láàmú lórí àwọ̀ mọ́. Nọ́ńbà òkè yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá ti jẹ́ òdo, kálukú ti ní ẹni tó máa gbé e nìyẹn."

Alhaja Sífáwù, ìyá àgbà kan láti Grayson tí kì í jẹ́ kí n gbádùn, ní, "Uncle Kọ̀m̀pútà, ṣé ó lè bá mi ka iye ìgbà tí ọmọ mi gbé mi jáde lọ́dún yìí? Òdo náà ni yóò gbé wá."

A rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé iṣẹ́ kíkun ìwé náà fún Rófíà. Ọmọ bí ogójì ọdún ni, ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́, àárín iṣẹ́ ló ti máa ń gba fóònù àwọn awakọ̀. Kò sí ẹni tó fara balẹ̀ tó o nínú wa.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo rí àléébù iṣẹ́ mi. Mo ti fi macro kan náà sínú ìwé ẹrù ní ibi iṣẹ́. Mo kun àpótí kan ní pupa, nọ́ńbà òkè ò mira. Ìgbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé náà ló tó yí padà. Mo wádìí, mo rí i pé bí ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà bá yí ni kọ̀m̀pútà máa ń tún ìṣirò ṣe. Bó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan ló yí, lójú tirẹ̀, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Bọ́tìnì kan wà téèyàn lè tẹ̀ kí ó tún un kà. Bí mo bá ti sọ fún Rófíà pé kí ó máa tẹ̀ ẹ́ kó tó wo nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀.

Mi ò sọ. Ojú ń tì mí lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo fọ́n. Mo ní máa rọra tún un ṣe ní weekend. Weekend mẹ́rin kọjá, bọ́ọ̀lù ni mò ń wò.

Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Alhaja Sífáwù ní ọjọ́ Monday kan. Ní Thursday tó ṣáájú rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ yẹ àdéhùn. Rófíà kun àpótí náà ní pupa, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní Sunday, ó wo nọ́ńbà òkè bí mo ṣe kọ́ ọ, ó bá òdo níbẹ̀. Ó rò pé òun ti rí ẹlòmíràn fún Alhaja, pé òun ló gbàgbé.

Ìyá yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù àti báàgì lọ́wọ́, láti aago méje títí di aago mẹ́wàá, nínú òtútù. Oṣù mẹ́ta síwájú ni wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà sí.

Alhaji Alága ẹgbẹ́ wa ní a máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní Sunday. Nígbà tó di Saturday, Rófíà fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo kùn ún. Mo mọ̀ pé mo kùn ún." Mo ṣí i. Àpótí Alhaja pọ́n yòò, òdo sì jókòó sókè bí ọba.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an nìyí. Mo tún un ṣe. Mo fi àṣẹ kan kún un pé bí èèyàn bá ti kúrò nínú àpótí kan bọ́ sí òmíràn, kí ó tún gbogbo àwọ̀ kà. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Ní ìpàdé, Alhaji Alága bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe ìwé rẹ ló ní wàhálà?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Mo fi ẹ̀rọ gbé e sójú ògiri kí gbogbo wọn lè rí i. Mo kun àpótí kan ní pupa, mo bọ́ sí òmíràn. Nọ́ńbà fò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Alága yíjú sí i. "Rófíà, bó bá jẹ́ Thursday lo kùn ún, nọ́ńbà ì bá ti yí. Àbí ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán lo tó lọ kùn ún?"

Ó wo ògiri, ó wò mí. Ó ní, "Alhaji, mi ò purọ́. Uncle mọ̀ pé mi ò purọ́."

Mò ń ká wáyà ṣájà. Mo ní, "Kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe." Ó dà bíi pé mò ń bá a bẹ̀bẹ̀, àbí? Gbólóhùn yẹn ni mo fi tì í mọ́lé.

Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá sílé mi pé kí n fi ibi tí òun ti ṣì í ṣe han òun, kí òun má baà tún un ṣe níbòmíràn. Mo kọ́ ọ. Mo jókòó tì í fún odindi wákàtí kan, mò ń kọ́ ọ ní àtúnṣe àṣìṣe tí kò ṣe. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tuntun tó pé, Alhaja Sífáwù kò rí àtẹ̀gùn kan dáadáa, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Títí di òní, kò lè fi ọwọ́ yẹn gbé kẹ́tù àlùwàlá. Rófíà ló ń lọ sí Grayson lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bá a fọ aṣọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń fi ọṣẹ fọ̀ lọ́hùn-ún, kò mọ̀.

Ẹ má pa òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún fún mi o, mo mọ̀ ọ́n. Tèmi ò tíì pé ọdún méjì tí òótọ́ ti lé mi bá.

Ní Monday yẹn, Rófíà ní ilé ìwòsàn kan ní Fayetteville fẹ́ gba òun síṣẹ́, kí òun máa ṣètò ọjọ́ tí àwọn aláìsàn máa rí dókítà. Kọ̀m̀pútà ni wọ́n ń lò fún gbogbo rẹ̀. Ọ̀sán ni iṣẹ́ náà, kò ní máa gbé aláìsàn mọ́, ẹ̀yìn tó ń dùn ún á lè sinmi. Ó ní òun fẹ́ sọ fún wọn pé òun ò ṣe.

Mo ní, "Rófíà, gbà á. O mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Uncle, àánú mi ló ń ṣe yín. Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ fi hàn mí lójú ògiri ni? Tí mo bá tún gbàgbé èèyàn sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ lọ rò ó dáadáa. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni máa ṣe."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò wọlé sí mi lẹ́nu. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwúrí tí mo lè sọ tí yóò gbà gbọ́, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Àfi kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Friday ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Sunday ni ìpàdé ẹgbẹ́. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti dójú tì í, ojú gbogbo èèyàn náà ló yẹ kí n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró de Sunday, iṣẹ́ ti lọ. Nítorí náà, òun ni máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Lọ́la, ní aago méjì, ó máa jókòó jẹun níbi iṣẹ́, ìgbà yẹn ni máa pè é. Bó bá pa fóònù mọ́ mi létí, máa wakọ̀ lọ bá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ẹ sì ràn mí lọ́wọ́. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, láti àárọ̀ ni mo ti ń dán ọ̀rọ̀ náà wò nínú mọ́tò, mi ò rí ibi tí máa gbà wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú èyí rí, lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti ní "Uncle, ẹ pẹ̀lẹ́ sà," gbólóhùn wo ló kàn?