Ẹ Má Tíì Lé Kóòṣì Jíbrílù

Ẹ má lé e o! Ẹ̀gbọ́n Dáfídì, mo ní ẹ má tíì lé e. Orí ìdúró ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ yìí, nítorí bí mo bá jókòó pẹ́nrẹ́n, ẹ óò ní kí wọ́n gbómi wá, ara mi á balẹ̀, màá sì gbàgbé pé inú ń bí mi. Wọ́n ní ọ̀la ni mítìn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, pé ẹ̀yin alága lẹ sọ pé Kóòṣì Jíbrílù ti ṣe é tó, kó máa lọ. Kó máa lọ síbo? Ẹ̀yin lé kóòṣì, èmi ńkọ́? Ta ló máa fẹ́ ọmọ mi?

Rárá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, Jíbrílù wá bá mi pé òun fẹ́ fẹ́ Ganiat. Ọmọ dáadáa ni, ó níṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, kì í mutí. Ọjọ́ yẹn gan-an la na àwọn ará Láfíàjí ní góòlù mẹ́rin sí òdo ní sẹmi-fáínà, ayọ̀ ti gba gbogbo ara mi, èèyàn sì pọ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí. Ni mo bá la ẹnu mi báyìí, mo ní, "Wáláì, mi ò ní fi Ganiat fún ọ àfi ọjọ́ tí o bá gbé kọ́ọ̀pù wọ ilé mi." Gbogbo wọn hó yèè. Ẹ̀gbọ́n, Sátidé tó tẹ̀lé e ni fáínà! Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo rò pé ọmọ mi máa fi dúró. Ta ló mọ̀ pé ó máa di ọdún mẹ́rin?

Ẹ sì wo bó ṣe ń ṣe é. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nà bíi Jíbrílù. Ó na Òkè Pópó, ó na Ìdúmàgbò, ó na àwọn tí wọ́n wọ bàtà wá tòun ti àwọn tí ò wọ̀. Kó wá dé fáínà báyìí, ara rẹ̀ á yí padà. Ọdún àkọ́kọ́, òjò: bọ́ọ̀lù ti kọjá gólì wọn, ó ń yí lọ, ó ń yí lọ, ó bá lọ jókòó sínú omi. Ọdún kejì, Síkírù wa fúnra rẹ̀ ló gbá a sílé wa. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, a gba pẹ́nárítì, Jíbrílù ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún Bashiru torí pé ìyàwó Bashiru ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Bashiru sì gbá a sójú ọ̀run. Ẹ gbà mí o, ta ló ń fi pẹ́nárítì ṣe sàráà?

Ti ọdún yìí ni mi ò fẹ́ rántí. Góòlù méjì ni tiwa, ọ̀kan ni tiwọn, ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, ó yọ Fúnṣọ́ kúrò níwájú. Fúnṣọ́ tó gbá méjèèjì wọlé! Ó ní kó lọ sinmi. Ká tó mirí, góòlù méjì ti wọlé wa.

Láti ọjọ́ náà, ìyá Ganiat ò bá mi jà, ìjà ìbá sàn. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ń gbé ọbẹ̀ tí ò lẹ́ja síwájú mi. Mo ní, Hàwáwù, ẹja dà? Ó ní ẹja dé fáínà, ó bọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò wá ń pe Ganiat ní Ìyàwó Sẹ́kọ́ńdì. Obìnrin kan gbọ́ ọ ní Èbúté Èrò, ó fi tìfẹ́tìfẹ́ bi í pé ṣé ìyálé rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ mi délé, ó sunkún títí, àwọn tí wọ́n jọ lọ sí ilé kéú sì ti ń pọn ọmọ kejì. Ẹkún yẹn dùn mí ju gbogbo fáínà lọ.

Ẹ ní kí n lọ bá Lèmọ́mù? Mo ti lọ. Ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fi tú ìbúra náà. Ọlọ́run á gbà á, mo mọ̀. Ṣé àwọn ará Ọ̀fíìn náà á gbà á? Wọ́n á ní Yẹ̀kínì káfíńtà tutọ́ sílẹ̀ tán, ó tún padà lá a. Èmi tí mi ò yẹ àdéhùn rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀dì yín ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí lẹ sọ? Pé ìbúra mi ló ń dì í lẹ́sẹ̀? Pé lọ́jọ́ fáínà, ibi tí Ganiat jókòó sí ló ń wò, kì í wo bọ́ọ̀lù? Hàwáwù ti débí, àbí? Irọ́ ni. Èmi ni mo ní kó yọ Fúnṣọ́? Ọdún kan sí i ni mò ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀gbọ́n, ọdún kan péré.

Ẹ ní báwo ni mo ṣe sọ ọ́ gan-an? Mo ní ọjọ́ tó bá gbé kọ́ọ̀pù wọ ilé mi. Kọ́ọ̀pù wo? Kọ́ọ̀pù... Mo ní kọ́ọ̀pù ṣá. Mi ò ní ti bọ́ọ̀lù. Mi ò ní ti fàdákà. Yéè! Kọ́ọ̀pù tíì ńkọ́? Kọ́ọ̀pù tánganran tòun ti ọmọrí ńkọ́? Wáláì, mi ò sọ irú rẹ̀! Ha! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rín in. Kí Jíbrílù ra ọ̀kan, kó gbé e lérí, kó gba iwájú ààfin ọba ní Ìgà Ìdúngànràn kọjá kí wọ́n rí i, kó gbé e wọlé mi lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Níṣojú gbogbo wọn ni màá ti fi mu tíì, Ganiat á sì di tiẹ̀.

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á dá yín sí. Mò ń lọ nìyẹn. Mítìn ọ̀la? Ẹ lé e. Èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ nawọ́. Ṣé ẹni tó yọ Fúnṣọ́ lẹ tún fẹ́ máa fi ṣe kóòṣì? Ẹ lé e, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Àna mi ni, kì í ṣe kóòṣì mi.