Ajá Tí Mo Pè Ní Dìgbòlugi

Lónìí ni mo máa sọ ọ́, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Jẹ́nsinmi, ajá Tíṣà Matilda tí a pa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò ní dìgbòlugi. Èmi ni mo ní ó ní in, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Gbogbo yín ládùúgbò yìí lẹ ń pè mí ní Ìyá Alájá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi nítọ̀ọ́jú ajá. Ojú mi ni mo fi kọ́ ọ, ìyẹn sì ti gùn mí lórí. Nígbà tí Jẹ́nsinmi bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdí wọ́ ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, tó ń lá abẹ́ ìrù rẹ̀ ṣáá, tó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́, mo ní aràn ni. Mo fún un lágbo aràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ dókítà ẹran kan láti Ayépé ti sọ fún mi rí pé ajá ní àpò kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí, pé omi inú rẹ̀ lè dì, kó sì di eéwo. Mo ní, "Dókítà, ṣé ìdí ajá lẹ lọ kọ́ ní yunifásítì?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, orí mi wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà ń wẹ ajá náà, ọwọ́ rẹ̀ kan abẹ́ ìrù, ajá bù ú jẹ. Wọ́n pè mí. Mo gbé ìrù sókè. Ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí ti wú, ó pọ́n, ọyún ti ń yọ. Ibi tí dókítà sọ gẹ́lẹ́ ni. Mo ju ìrù náà sílẹ̀.

Ràsákì alápatà ní, "Ìyá Alájá, kí lẹ rí?"

"Dìgbòlugi ni."

"Hàà! Ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán lójú mi?"

"Ràsákì, màlúù ni kó o lọ máa kun. Ìgbà wo lo di Ìyá Alájá?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ sẹ́yìnkùlé láti pa á, ojú Tíṣà ni ajá náà ń wò. Mi ò dá wọn dúró. Àṣebi ni mí.

Tíṣà gba abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá síkùn nítorí irọ́ yẹn. Ó wá kúnlẹ̀ fún mi: "Ẹ ṣé, Mà. Ẹ̀yin lẹ gbà mí lọ́wọ́ ikú." Mo ní kò tọ́pẹ́.

Lánàá, ó wá sọ pé ajá rẹ̀ tuntun ti ń fi ìdí wọ́ ilẹ̀. "Mi ò ní dúró kó tó bù mí jẹ, Mà. Ràsákì ń bọ̀ wá pa á lọ́la." Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń sin ajá, bó bá ń wọ́ ìdí, ẹ gbé ìrù rẹ̀ wò. Bó bá wú, ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Dókítà ẹran ló mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọyún inú rẹ̀ jáde. Ajá tí ìrora mú á gé ni jẹ, kì í ṣe wèrè.

Tíṣà, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, èmi ni kó o bínú sí. Ràsákì, máa lọ sílé. Mo ti ránṣẹ́ sí dókítà náà, títí á fi dé, ẹnu ilẹ̀kùn Tíṣà yìí ni mo jókòó sí, kò sẹ́ni tó máa gba ẹ̀yìn mi kọjá dọ́dọ̀ ajá yẹn.