Ọkọ̀ Tí Kì Í Pariwo

Ní mọ́ọ̀lù kan ní Buford, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tó ń lo iná, mo gbọ́ tí ìyá kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ jiyàn.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká ra ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà jàre! Charger ẹ̀ wà níbi gbogbo."

"Ṣé ibi gbogbo ni mò ń lọ? Ilé síbi iṣẹ́ náà ni." Ìyá náà wọ inú ti Kòríà, ó tẹ bọ́tìnnì. "Ó ti ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, Mummy!"

Ó tẹ́tí, kò gbọ́ ariwo kankan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Nínú eléyìí, mo máa gbọ́ àdúrà tí mò ń gbà!"

Ọmọ náà sáré lọ pe ẹni tó ń tà á.