Ṣọ́ọ̀kì Tó Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí mọ́, Màmá Ẹniọlá. Ẹ̀yin lẹ ń darí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ní Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì tún ń bọ̀ lọ́la, ẹ ní kóòṣì ni, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́ àwa tíṣà sọ́nà, kí n ṣí kíláàsì mi fún un. Mo gbọ́. Ì bá sàn ká ní inú ń bí mi. Ara mi ló kú. Láàárọ̀ yìí mo dúró níwájú pátákó, n ò rántí ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ẹ̀yin náà mọ Moyinolúwa, ọmọ àwọn tó ń dáko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Ìtàjí níbí. Látìgbà tó ti dé kíláàsì mi, kò dáhùn ìbéèrè kan rí. Tó bá kàn án, màá dúró, gbogbo kíláàsì á dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tó bá pẹ́ títí á jókòó, a ó sì máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ. Lọ́jọ́ tí kóòṣì wá, mo gé iṣu sórí tábìlì, mo ní ìdá mélòó nìyí nínú odidi, ọmọ náà dìde, ó la ẹnu. Màmá, ó la ẹnu. Àfi bí kóòṣì ṣe dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ ti há, mà, àkókò ń lọ," ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi lójú àwọn ọmọ, ó kọ ìdáhùn sára pátákó. Moyinolúwa jókòó. Kò tíì dìde mọ́ títí di òní.

Bàbá Àkàndé tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kadà ló ń gbé e wá láti Ìlógbò. "Ẹ kú uṣẹ́, tíṣà," ó parí, orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ló ń jókòó sí, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá jáde lọ ṣeré ló tó ń bi mí pé kí ni mo rí tí òun ò rí. Tí mo bá ṣàṣìṣe, ó ń sọ ọ́, kò sì fi oyin sí i, àmọ́ èmi àti ẹ̀ nìkan ni. Ta ló ń bá àgbà wí lójú ọmọ rẹ̀?

Ẹ ní kò mọ̀ pé ọmọ náà ni mò ń dúró dè. Mo gbà pé kò mọ̀. Ẹnu tó fi sọ pé mo há, ṣé kò ṣeé fi béèrè ni?

Ẹ ní ó ti bẹ̀bẹ̀. Ọ́fíìsì yín ló ti bẹ̀bẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní pípadé. Ohun tó gbà lójú ọmọdé, ojú wọn náà ni yóò ti dá a padà. Kó máa bọ̀ lọ́la, n ò lé e. Kó mú ṣọ́ọ̀kì, kó fi lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn, kó lọ jókòó lẹ́yìn, kó panu mọ́. N ó tún gé iṣu. N ó tún pe Moyinolúwa. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú bá wa níbẹ̀, gbogbo wa la ó jọ dúró dè é, àti kóòṣì.