Ohùn Mi Ni Mo Bá ní Ilẹ̀ Ìyà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́ tán. Ẹ ti mọ̀ mí nínú ìjọ yìí láti ọdún pípẹ́. Jákọ́bù ni mí, alàgbà yín, ẹni tó máa ń ka Bíbélì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nítorí ẹ ní ohùn mi dùn létí. Ohùn yìí náà ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń kéde fún ará ìlú. Bí ìjọba bá ṣe nǹkan, tàbí bó bá ní òun ṣe nǹkan, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí n sì lọ kà á lórí rédíò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìpàdé àwọn ọkùnrin, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ nínú ìròyìn pé ìjọba fẹ́ gbé sátẹ́láìtì mìíràn lọ sí ojú òfurufú, wọ́n sì tún fẹ́ ra bàálù ogun sí i. Bàbá Tísà ní oúnjẹ aláìní ni wọ́n ń jù sókè sínú afẹ́fẹ́ yẹn. Ẹlòmíràn ní bí a kò bá ra ohun ìjà, ta ni yóò gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń jó abúlé kiri. Wọ́n yíjú sí mi pé kí n dá sí i. Mo dìde, mo gbé ohùn bí ti àtijọ́. Mo ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti lajú ti rìn jìnnà lójú òfurufú, pé kò sí ìjọba tó lè jókòó láì ní ohun ìjà, pé àwọn tó ń ráhùn kò mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọba ní ìsàlẹ̀ ibí, ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà náà. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ààwẹ̀ wa. Mo gba àdúrà ọ̀sán tán nínú yàrá mi. Ohun tí mo bẹ Ọlọ́run fún ni pé kó fi ìdájọ́ àwọn olè inú ìjọba hàn mí. N kò fi ara mi sínú àdúrà náà rárá. Mo gbórí lé ìrọ̀rí pé kí n sinmi díẹ̀, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n kò dán. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní, “Jákọ́bù, ohun tí o béèrè ni n ó fi hàn ọ́. Máa bọ̀.”

Mo tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ tí a rìn lé lórí pupa, ó gbóná débi pé èéfín ń jáde lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò sì sí igi kan tí ènìyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀. A kọjá lára àwọn alágbèrè tí wọ́n ń wá ilé ara wọn kiri. Gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n bá kàn, ohùn ìyàwó wọn tàbí ti ọkọ wọn á dáhùn láti inú pé òun kò mọ̀ wọ́n. A kọjá lára àwọn tó jẹ́rìí èké, ahọ́n wọn gbẹ bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Amọ̀nà mi kò dúró lọ́dọ̀ wọn.

Ó mú mi dé ibi tí àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn ti ń gun àkàbà irin kan tó pọ́n bí ẹ̀yinná. Bí èyí tó wà níwájú bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè, àkàbà á tún ga sí i, awọ ọwọ́ wọn á sì lẹ̀ mọ́ irin. Ó ní, “Wọ́n gba owó kí wọ́n lè fi wo ojú ọ̀run fún ìlú, wọ́n sì fi kọ́ ilé ara wọn. Kí wọ́n máa gùn ún báyìí.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n wo ìsàlẹ̀. Mo wò ó. Àwọn kan dúró ní ìlà nínú ọ̀gbun kan, ìbọn wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, eruku ń sọ bọ̀ láti iwájú, ìró ẹsẹ̀ ń bọ̀ nínú eruku náà, wọ́n ń fa ìbọn, ìbọn kò dún, ìró ẹsẹ̀ ń sún mọ́ wọn, wọ́n tún fà á, kò dún, wọ́n ń pe ìyá wọn, wọ́n ń pe Ọlọ́run, ẹsẹ̀ wọn kò ṣeé gbé nílẹ̀, eruku bò wọ́n, mo gbọ́ igbe tí mi ò lè fi ẹnu sọ nínú ilé Ọlọ́run, nígbà tí eruku sì rọlẹ̀, wọ́n tún dúró ní ìlà, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, eruku mìíràn tún ń sọ bọ̀.

Amọ̀nà mi ní, “Àwọn ló jẹ owó ọta tó yẹ kó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun.”

Mo rí ọ̀gá mi àtijọ́ láàárín wọn. Mi ò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn kan tó ń ti òkè bọ̀. Ó tutù, ó dùn, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń dún ni àwọn tó wà nínú ìyà ń di etí wọn, tí wọ́n ń yí nílẹ̀. Àwọn tó wà lórí àkàbà náà ń fi orí gbá irin. Mo bi amọ̀nà mi pé ohùn ta ni èyí tó le ju iná lọ. Ó ní kí n fetí sílẹ̀ dáadáa. Ohùn náà ní, “Ìjọba ń fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún gbogbo ará ìlú pé iná ti wà ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí wa.”

Ohùn mi ni.

Mo mọ ọjọ́ tí mo ka ìkéde yẹn. Ìjọba ti ṣèlérí ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn tan iná fún àwọn ilé ìgbẹ̀bí, kí agbẹ̀bí má baà máa fi àtùpà gba ọmọ mọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé sátẹ́láìtì lọ sókè, tí wọ́n sì ń ra ohun ìjà. Ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní wọ́n ti kó owó iná náà mọ́ ti òfurufú àti ti ogun, pé kí n kọ ọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Mo kọ ọ́. Mo tilẹ̀ fi tèmi kún un. Èmi ni mo rò ó fúnra mi, tí mo fi kọ ọ́ pé ìjọba tó gbé ohun èlò dé ojú òfurufú, ṣé ilé ìgbẹ̀bí ni kò ní lè tan iná sí? Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó gbọ̀n mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì ìkéde yẹn ni Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ wá sí ọ́fíìsì mi. Ó rọra kí mi, ó ní bóyá wọ́n ṣì mí lọ́nà ni, nítorí kò sí iná kankan lọ́dọ̀ àwọn, tọ́ọ̀ṣì ni òun fi ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n ṣàtúnṣe rẹ̀ lórí rédíò kí àwọn aláṣẹ lè gbọ́. Mo ní kó máa lọ, pé kò mọ ohun tó ń lọ ní ayé. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí Fúnmiláyọ̀, ìyàwó Délé káfíńtà, akọrin wa, lọ bímọ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú. Iná tọ́ọ̀ṣì náà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́. Kò rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ìyá lọ, ọmọ lọ.

Mo wí fún amọ̀nà mi níbẹ̀ pé wọ́n rán mi ni, pé mo ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà, pé bí mi ò bá kà á, ẹlòmíràn á kà á. Mo sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Ó kàn na ọwọ́ sí ibi tí ohùn náà ti ń wá, mo sì rí àga kan tó ṣófo níbẹ̀. Mi ò lè bi í pé ti ta ni.

Ó mú mi kúrò níbẹ̀. Bí a ti ń lọ ni ilẹ̀ ń tutù, tí afẹ́fẹ́ ń rọ̀, títí a fi dé etí odò kan tí koríko yí ká. Àwọn ènìyàn jókòó níbẹ̀, ara tù wọ́n bí ẹni tó dé láti oko, tó sì ti wẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi ẹsẹ̀ ṣeré nínú omi. Amọ̀nà ní ọmọ ogun ni, pé nígbà tí ọta tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà abúlé títí àwọn obìnrin àti ọmọdé fi wọ igbó. Ọkùnrin mìíràn jókòó tì í, ó wọ awò ojú. Iṣẹ́ tirẹ̀ láyé ni kó máa wo àwòrán tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́. Ó rí i pé odò fẹ́ kún, ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọn kò kà á sí, ó bá gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé kó tó di pé omi dé.

Ó yà mí lẹ́nu láti rí àwọn méjèèjì yìí níbẹ̀. Amọ̀nà mi mọ èrò mi. Ó ní, “Olúwa kò bá ẹni tó ń wo ojú ọ̀run jà, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹni tó ń ṣọ́ ìlú jà. Ẹni tó fi méjèèjì bo ojú àwọn ènìyàn kí wọ́n má baà rí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, òun ló ń bá jà.”

Nígbà náà ni mo rí Fúnmiláyọ̀. Ó jókòó sórí koríko, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ sá. Mo fi ọwọ́ bo ojú, ṣùgbọ́n ó ti rí mi, ó sì kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ìbá sàn fún mi kó bínú.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé iná ti dé ibẹ̀?”

Ẹ̀yin ará, ilé ìgbẹ̀bí yẹn kò jìnnà sí ilé mi. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá wá sí ìsìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, mi ò yà síbẹ̀ rí. Ohùn tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún yìí ni mo fi wí pé, “Mi ò mọ̀.”

Ó ṣì ń wò mí, bí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ mi kò tíì parí. Mo wá amọ̀nà mi, mi ò rí i mọ́. Bí mo ṣe jí nìyẹn. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé, ìrọ̀rí mi sì tutù fún omijé.

Ní àná Àbámẹ́ta, mo rìn lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Kò sí iná. Tọ́ọ̀ṣì méjì wà lórí tábìlì, wọ́n fi okùn so ọ̀kan nínú wọn kó má baà tú ká. Mo bá Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Ó ní kí n jọ̀ọ́ dìde, pé òun kò ráyè, ẹnì kan ń rọbí nínú ilé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta títí mo fi gbọ́ igbe ọmọ. Nígbà tó jáde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún un, àti ìran tí mo rí. Ó gbọ́ mi dé òpin.

Ó ní, “Bàbá, èyí tí ẹ sọ nígbà yẹn, gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Èyí tí ẹ ń sọ yìí, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ.”

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín lónìí nìyẹn. Lọ́la, n ó lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi tú irọ́ náà. Bí wọn kò bá gbà, n ó lọ sí ọjà, n ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, n ó lọ sí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó bá gbà mí. Ní ti ìbéèrè Ọjọ́bọ̀, mi ò lè sọ fún yín mọ́ pé ó dára tàbí kò dára kí ìjọba náwó sí òfurufú àti ogun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a kì í bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti mú un, àti pé ẹni tó ń dá yín lóhùn nígbà tí ẹ bá béèrè lè jẹ́ irú mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo kìlọ̀ fún yín: bí wọ́n bá gbé ìwé fún yín pé kí ẹ kà, ẹ kọ́kọ́ rìn lọ wo ibi tí ìwé náà ń sọ. Àga yẹn ṣì ṣófo. Mo bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnì kan nínú yín jókòó síbẹ̀ dípò mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì wúwo jù. Délé, ọmọ mi, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí a sin Fúnmiláyọ̀, èmi ni mo dì ọ́ mú, tí mo sọ fún ọ pé Ọlọ́run ló pè é, pé àkókò rẹ̀ ló tó. O gbà mí gbọ́, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Délé, àkókò rẹ̀ kò tó. Iná ni kò sí, èmi ni mo sì sọ fún ìlú pé ó wà.