Àìsàn Tí Mo Pè Ní Ráńpẹ́

Alága ìjókòó wa, Olóyè Ọládipọ̀. Ẹ̀yin àgbà Owé. Ẹ̀yin àlejò tó wá láti Ògìdì àti Iffe. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa, okun o. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín, mo tún yín kí.

Wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró. Màá pẹ́ díẹ̀, ẹ fara dà á. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi, Sarah Bámigbóyè, fi bójú tó ojú ewé ìkéde òkú. Olúṣínà tó ń tẹ ìwé wa, ìwọ tó máa ń dúró dè mí títí n ó fi rí àṣìṣe tó gbẹ̀yìn, mo dúpẹ́. Ọpẹ́dayọ̀ tó ń gba ipò mi, o káre. Ṣùgbọ́n ìyìn tí ẹ ti ń yìn mí láti àárọ̀ yìí, kò tọ́ sí mi.

Ọpẹ́dayọ̀ ló ní kí n tú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wa yẹ̀wò kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo tú wọn. Nínú àwọn tó pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, ráńpẹ́, tó jẹ́ pé ibi ayọ̀ ni wọ́n ti ń lò ó: bíṣọ́ọ̀bù ṣe ìbẹ̀wò ráńpẹ́, ìyàwó tuntun ṣe àpèjẹ ráńpẹ́. Bí èèyàn bá kú nígbà yẹn, wọ́n á kọ ohun tó pa á, ìbáà ṣe ejò, ìbáà ṣe ìrọbí. Ìgbà tí ojú ewé náà wá dé ọwọ́ mi ńkọ́? Ọ̀dọ́kùnrin kú, àìsàn ráńpẹ́. Abiyamọ kú, àìsàn ráńpẹ́. Kódà bàbá tó wà lórí àkéte fún ọdún mẹ́fà, àìsàn ráńpẹ́! Àṣà wa ni. Ìdílé á jókòó síwájú mi, ojú á máa tì wọ́n, wọ́n á ní kí n bá àwọn bò ó. Màá bò ó. Mo ń pè é ní àánú, nígbà mìíràn àánú náà ni.

Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, Agatha olùkọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìdùnnú, wá bá mi lọ́jọ́ kejì tó sin ọmọ rẹ̀. Òun kò ní kí n bo nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé onígbáméjì ni. Ẹ kọ kànga tí ọmọ mi ti pọn omi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kànga ilé ọkọ mi ni. Bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ, gbogbo àdúgbò ló ń pọn níbẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tó lọ tán, mo kọ àìsàn ráńpẹ́.

Àwọn tí ì bá kà á kí wọ́n sá fún omi yẹn ń pọn ọ́n lọ. Kí wọ́n tó dí kànga náà, èèyàn márùn-ún mìíràn ti kú. Èmi náà ni mo kọ ìkéde wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì lò fún márààrún. Lóṣù tó kọjá, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bá mi pè é ní àṣìṣe. Mo mọ̀.

Mo lọ bá Agatha nílé, mo kúnlẹ̀. Kò bú mi, kò sì ní kí n dìde. Ó kàn ní, "Ibi tí ẹ ti bò ó, ẹ ṣí i níbẹ̀."

Ìkéde tuntun wà nínú ìwé ìròyìn ti ọ̀sẹ̀ yìí, iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn. Àwọn ará ilé ọkọ mi ti gbọ́, ìdí nìyẹn tí àga wọn fi ṣófo níwájú yẹn. Mo fẹ́ kà á sétí yín.

"Ìdùnnúolúwa, ọmọ ọdún méje, ọmọ Agatha, àrùn onígbáméjì ló pa á. Omi kànga Bámigbóyè ló mu. Sarah Bámigbóyè mọ̀, ó sì fi pa mọ́."

Ọpẹ́dayọ̀, kí Ọlọ́run fún ọ ní ìgboyà tí n kò ní. Ẹ̀yin òbí, ẹ kò ní fọwọ́ yín sin ọmọ. Alága, kí ara yín ó le. Ìyá Ìdùnnú, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí. N kò ní bẹ̀ ọ́ níwájú èèyàn, kí wọ́n má baà fipá mú ọ dárí jì mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé tí ẹ jókòó gbọ́ orúkọ ọmọ náà.