Ìgò Tí Mo Pààrọ̀ Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Ẹ ní kí n wá kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nípa ìpara tí a fẹ́ pò lọ́jọ́ Ajé. N óò kọ́ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ ń retí lẹ máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún méje. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, ìpara yẹn á bọ́ sójú ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kàn, èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Ìwọ̀n torí pé èmi ló ń wọn ohun gbogbo tí a ń pò.

Ẹ̀yin tuntun, ẹ gbọ́ o. Omi wà nínú ìpara, òróró wà ńbẹ̀, ìda wà ńbẹ̀, lọ́fínńdà náà kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn, alábàárìn lásán ni wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe ohun tí a kọ sára ike, òun là ń pè ní òṣìṣẹ́ nínú yàrá ìpòpọ̀. Lọ́dún méje sẹ́yìn, Ọ̀gá ra òṣìṣẹ́ kan tí a ò rí irú rẹ̀ rí. Ìyẹ̀fun funfun ni. Ó ń bó awọ tó ti gbó kúrò, ó ń mú tuntun jáde, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé ó lè jó èèyàn lójú. Àwọn tó ṣe é wá fi ọ̀rá wọ horo kọ̀ọ̀kan láṣọ, aṣọ tín-ín-rín tí ojú kò lè rí, kí agbára náà lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ tó bá ti wọ ara. Ọgbọ́n ńlá ni. Àṣẹ kan péré ni wọ́n kọ mọ́ ọn: ẹ jẹ́ kí ìpara tutù wá sí ìsàlẹ̀ ogójì dígírì kí ẹ tó dà á sí i, torí ooru á yọ́ aṣọ náà dànù.

Mo mọ àṣẹ yìí. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pò ó, àwọn oníbàárà ti jókòó nísàlẹ̀, Ọ̀gá sì ń yọjú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. “Ìyá Ìwọ̀n, ṣé ìpara lẹ ń pò ni àbí ọmọ lẹ ń bí?” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo wo tẹmómítà: méjìlélọ́gọ́ta. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo da òṣìṣẹ́ sínú ìkòkò, mo sì kọ méjìdínlógójì sínú ìwé. Kí n tó pa ìwé náà dé, ìpara tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo mọ̀ pé aṣọ yẹn ti yọ́. Ọ̀gá wọlé, ó pariwo, “Áà! Àwọ̀ wúrà! Ìyá Ìwọ̀n, orí yín pé o!” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín. Àṣà wa ni pé àwa fúnra wa máa ń fi ìpara tuntun pa apá fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó jáde. Lọ́jọ́ yẹn, ó jáde kí oòrùn tó wọ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń gbé mi. Bí fóònù bá dún, mi ò ní gbé e. Bí mo bá rí obìnrin tó fi ìborùn bojú lójú ọ̀nà, n óò gba òdì kejì lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo fi sá. Gbogbo yín mọ aránṣọ tó ń gbé ní òpópónà ẹ̀yìn wa, òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn yín. Òun ló wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tú ìborùn rẹ̀. Yéè! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti bó, ó pupa, omi ń sun níbẹ̀, ìpéǹpéjú kan ti wú pa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ìpara yín ni. Ọmọ mi ń sá fún mi. Mo nawọ́ sí i láàárọ̀, ó figbe ta, ó lọ sá pamọ́ sẹ́yìn bàbá rẹ̀.” Mo mọ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Ká ní mo sọ fún un nígbà yẹn, ilé ìwòsàn ì bá mọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú. Ohun tó jáde lẹ́nu èmi àgbà ìyà ni pé, “Kí lo pò mọ́ ọn?” Ó ní òun ò po nǹkan kan mọ́ ọn. Mo ní, “Irọ́ ni. Gbogbo yín lẹ máa ń fi ọṣẹ abóra bó ojú, tó bá wá ta yín, ẹ ó ní àwa ni.”

Ọkọ rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba. Ẹ̀yin tuntun ò tíì mọ̀: gbogbo ìgbà tí a bá po ìpara, ìgò kan máa ń wọ kọ́bọ́ọ̀dù. A ó fi sítíkà dí ẹnu rẹ̀, èèyàn méjì á fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí àwọn aláyẹ̀wò fi máa bèèrè. Ìgò yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá, ẹ má wolẹ̀, ẹ rántí. Ẹ ní, “Ṣé ìgò inú kọ́bọ́ọ̀dù á gbè wá?” Mo ní, “Á gbè wá.” Ẹ wá ní, “Mi ò bi yín ní nǹkan kan o.”

Baba Kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ìgò tí èmi àti òun jọ ń fọwọ́ sí, ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun, mo ní kó yá mi ní kọ́kọ́rọ́, mo fẹ́ ka ìgò. Ó kó o lé mi lọ́wọ́. “Gbà, ọmọ mi. Bí mi ò bá fọkàn tán ìwọ, ta ni mo fẹ́ fọkàn tán?” Mo ti po ìpara díẹ̀ sílẹ̀ tí kò ní òṣìṣẹ́ kankan nínú, omi, òróró àti ìda lásán, mo kán àwọ̀ díẹ̀ sí i kó lè jọ wúrà. Mo yọ ìgò tòótọ́, mo gbé ìgò ìpara òfo yẹn sípò rẹ̀. Sítíkà dorí kodò lọ́wọ́ mi, mo ní láti já a kí n lẹ òmíràn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, mo di ẹnu mi mú. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó tún lọ. Mo jáde, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ Baba. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò dé, wọ́n bi í pé ṣé òun ló fọwọ́ sí i. Ó wo sítíkà, ó wo ojú mi, ó ní, “Tèmi ni.” Títí tó fi kú, mi ò mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ló ti di bàìbàì ni tàbí ó bò mí láṣìírí.

Wọ́n fi ìpara inú ìgò yẹn pa apá èèyàn mẹ́wàá. Kò ta ẹnikẹ́ni. Ṣé omi àti ìda á ta èèyàn ni? Wọ́n fún wa níwèé pé a mọ́. Ọ̀gá ní aránṣọ ba orúkọ iléeṣẹ́ jẹ́, kó wá bẹ̀bẹ̀. Inú yàrá yìí náà ni. Ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ojú yẹn, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó ní láti jẹ́ pé ọṣẹ mi ló fà á.” Mo ti purọ́ títí, òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Èmi wá fà á dìde. Mo ní, “Ó ti tán, mo ti dárí jì ọ́.” Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá ní torí pé ìwé sọ pé ìpara náà kò ta rárá, ká dá a padà sọ́jà, ká sì fi òṣìṣẹ́ ìlọ́po méjì sí i. Ìwé yẹn, ìpara òfo ni wọ́n fi gbà á! Kò sí ẹni tó tíì yẹ tòótọ́ wò, àyàfi aránṣọ tó fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo lọ bá a lánàá. Ó ń ṣẹ́ etí aṣọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bú mi, kò sunkún. Ó bi mí pé, “Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n kúnlẹ̀?” Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Ó ní, “Ẹ̀rù ló jẹ́ kí ẹ pààrọ̀ ìgò. Ìyẹn yé mi. Mo ní, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n kúnlẹ̀?” Ó ní kí n lọ wá èsì náà, kí n sọ ọ́ lójú àwọn tó rí òun nílẹ̀.

Èsì náà rèé. Nígbà tó kúnlẹ̀, ara tù mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti da òṣìṣẹ́ sínú ìkòkò, ọkàn mi balẹ̀, torí mo rí i pé ẹlòmíràn ti gba ẹ̀bi mi, ó sì ń bẹ̀ mí. Mo gbádùn rẹ̀. Ohun tí mo fi pamọ́ fún yín jù lọ nìyẹn, ó burú ju ti ìgò lọ.

Ọ̀gá, ẹ má wá fóònù. Mo ti dé ọ́fíìsì àwọn aláyẹ̀wò kí n tó wá síbí, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tuntun, tí ìpara bá gbóná, ẹ dúró, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń pariwo lé yín lórí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má bá mi bẹ aránṣọ, mi ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń bá bẹ̀bẹ̀. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ fún ara yín, torí ẹ rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì pàtẹ́wọ́.